Ìró Tó Ṣáájú Eugénie Dé Savalou

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Étienne dùn, ẹ fún un ní ìrìn àjò tó le kí ó bá yín ṣètò rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ní Bantè. Bí ó bá ń lọ sí Pira lásán láti lọ kí àwọn àna rẹ̀, yóò ti mọ ẹni tí yóò gbé e lọ, ẹni tí yóò gbé e bọ̀, àti ẹni tí yóò pè bí àwọn yẹn bá yẹ àdéhùn. Tatiana ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní bí ikú bá dé, Étienne á ní kó dúró ná kí òun kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà. Òun náà á bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ètò rẹ̀ kò já a kulẹ̀ rí. Ọdún yìí ló já a kulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Eugénie, ìyá rẹ̀, ni. Ọmọ Savalou ni ìyá yìí, ọmọ Màhì. Ọkọ ló fẹ́ ẹ wá sí Bantè nígbà tó wà ní ọmọge, ọkọ náà sì ti kú tipẹ́. Ìyá ti di ará Bantè débi pé èdè Ìṣà ló fi ń bú ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́ ìdajì, tí ọdún iṣu Savalou kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn, sọ́dọ̀ Médard ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olórí ilé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dàá. Àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Dàá Médard ti fọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, ọjọ́ orí sì ti ń mú iyè rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan wà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí láti kékeré. Nílé wọn, ọmọbìnrin tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ iṣu tuntun wò. Bó bá tọ́ ọ wò tán, á kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, "Ó dùn. Ẹ jẹun." Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n tó máa fọwọ́ kan tirẹ̀. Eré ni nígbà tí ìyá wọn wà láyé. Nígbà tó yá, ó di ohun tí Dàá kò lè ṣe aláìgbọ́. Lọ́dún kan tí ibà dá Eugénie dúró sí Bantè, Dàá kò fẹnu kan iṣu tuntun títí ara àbúrò rẹ̀ fi yá tó sì wá sọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ilé ń jẹ, òun ń mu ẹ̀kọ.

Nígbà Àjíǹde, Xavier, àkọ́bí Dàá, wá sí Bantè, ó sì pe Étienne sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bàbá òun kì í fẹ́ jẹun mọ́, pé ó ń bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán gangan. "Bó bá rí ọdún iṣu yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó máa rí òmíràn. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Ìyá pàdánù rẹ̀." Eugénie gbọ́ láti inú yàrá. Kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé bí òun bá máa fìdí wọ́, òun á dé ibẹ̀.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ ìyà tirẹ̀. Odò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ Gouka tí àwọn awakọ̀ kì í tilẹ̀ dẹ ẹsẹ̀ fún. Òun ló kún, tó gbé afárá orí rẹ̀ lọ, tó sì sọ ojú ọ̀nà di kòtò. Láti ọjọ́ náà, kò sí takisí, kò sí bọ́ọ̀sì láti Bantè sí Savalou. Ẹ lọ wo ibùdókọ̀, àwọn awakọ̀ na ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń sùn, wọ́n ń ta káàdì, ẹni tó bá béèrè Savalou lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ odò. Ìjì tó tẹ̀ lé òjò náà wó òpó tẹlifóònù kan. Étienne ti gba ohùn sílẹ̀ fún Xavier lórí Wasáàpù, ohùn náà kò kúrò lójú kan. Ó ń ṣí i wò bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Àwọn èèyàn ṣì ń kọjá o, kí n má parọ́. Wọ́n á gun zémì, ìyẹn ọ̀kadà akérò, dé etí omi, wọ́n á rin orí pákó tí àwọn ọ̀dọ́ Gouka tò sórí òkúta, wọ́n á gun zémì mìíràn lódìkejì. Étienne fúnra rẹ̀ lọ wo pákó náà. Ó rí i pé ó ń yọ̀, ó rí omi pupa tó ń sáré lábẹ́ rẹ̀, ó sì rántí orúnkún ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ní í dì í mú kó tó gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kò ṣeé ṣe.

"Jẹ́ ká gun zémì," ni Eugénie wí.

"Ìyá, orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi kọ́ ló ń lọ. Èmi ni mò ń lọ."

"Wọ́n ní ọkọ̀ òkúta ń bọ̀ wá dí kòtò náà kó tó di ọjọ́ ọdún. Mo ti bá Sanoussi oníṣòwò sọ̀rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ máa jókòó sí, ẹ ó na ẹsẹ̀ yín. Àbí kí àbúrò Dàá dé ilé bàbá rẹ̀ bí àpò àgbàdo lórí ọ̀kadà?"

Eugénie gbà fún un. Ọmọ tó ń tọ́jú èèyàn tó báyìí, ó ṣòro láti bá a jà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọkọ̀ òkúta nìyẹn, láràárọ̀, bí ẹni ń retí ẹni tó ti gbàgbé wọn.

Ọdún ku ọ̀la, ọkọ̀ òkúta kò dé. Ara Étienne kò lélẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ lẹ́rán. Ó rántí àṣà kan ní Bantè, àṣà ilé bàbá tirẹ̀. Bí àgbà obìnrin kan bá ń bọ̀ níbi ayẹyẹ tí ọ̀nà sì dá a dúró, ó lè fi ìró rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àga rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní jókòó síbẹ̀, wọn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ ohun tó kàn án títí yóò fi dé. Étienne ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun ni lẹ́tà tí kì í sọnù. Ó rò ó pé bí ìró ìyá òun bá wà lórí àga ní Savalou, Dàá á mọ̀ pé ó ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, wọ́n á dúró dè é bó tilẹ̀ di ọ̀sán ọ̀la. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

Eugénie ti bá Tatiana lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Étienne ṣí àpótí ìyá rẹ̀, ó mú ìró aláró tí ìyá máa ń ró lọ́dọọdún lọ sí Savalou, èyí tí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n mọ̀, ó ká a dáadáa, ó sì fún Gafarou, ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ sí ilé ìwé. Ó ṣàlàyé fún un dáadáa: kó fi lé Xavier lọ́wọ́, kó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga Ìyá, pé Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni.

Ọ̀sán ni Gafarou padà dé. Eugénie ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, Étienne sì wà nínú ilé. Gafarou ní ẹ̀kọ́ ilé, ó kọ́kọ́ kí àgbà.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìró yín ti kọjá odò."

"Ìró wo?"

Étienne jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mo ní kí n má tíì sọ fún yín ni. Aláró yín yẹn. Mo fi ránṣẹ́ sílé Dàá."

Eugénie gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. Kò wo ọmọ rẹ̀. Gafarou ló ń wò. "Ìwọ lo gbé e dé ibẹ̀?"

"Rárá, Ìyá. Wọn kò gba ọ̀kadà láyè lórí pákó. Mo nà án sí zémì kan lódìkejì, ará Savalou ni, ó mọ ilé náà."

"Kí lo ní kó wí?"

"Ariwo omi pọ̀, a ò gbọ́ra. Mo kàn ké sí i pé ilé Dàá Médard ni o, ti Eugénie ti Bantè ni." Gafarou wo Étienne, ó wo Ìyá. "Ṣé mo ṣe é bó ṣe yẹ?"

Eugénie yí ojú sí ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Étienne, nílé wa, bí ọmọbìnrin bá kú sílé ọkọ, ìró rẹ̀ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílé bàbá rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá kì í ṣàlàyé kankan. Á dárúkọ rẹ̀, á dárúkọ ìlú ọkọ rẹ̀, á yí padà. Ìrọ̀lẹ́ òní sì ni wọ́n ń fún àwọn òkú ilé ní iṣu tiwọn."

Ohun tí Étienne sọ kò dára létí ara rẹ̀ pàápàá.

"Ìyá, ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀?" Ó ti dìde. "Gafarou, ṣé epo wà nínú ọ̀kadà rẹ?"

Wọn kò tún sọ̀rọ̀ orúnkún mọ́. Gafarou gbé Ìyá, ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Affis gbé Étienne, wọ́n sì já lu ọ̀nà. Eugénie jókòó lórí ọ̀kadà láìmira, ó di èjìká Gafarou mú, gèlè rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Étienne ń wo gèlè yẹn láti ẹ̀yìn ní gbogbo ọ̀nà, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí zémì ará Savalou náà sọnù, kó jí ìró náà gbé, kó tà á, ohunkóhun tó bá wù ú kó fi ṣe, bí kò bá sáà ti gbé e dé.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé etí omi, òjò ti rọ̀ lókè, odò ti bo pákó mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó ìyókù sórí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọjá mọ́. Eugénie jókòó sórí òkúta létí odò, ó kọjú sí ọ̀nà Savalou, ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi ń lọ. Étienne mú omi wá fún un, kò gbà á. Bí oòrùn ṣe kan orí igi, ó kàn sọ pé, "Wọ́n ti ń se iṣu àwọn òkú báyìí." Lẹ́yìn náà ó gbà kí wọ́n mú òun lọ sùn ní Gouka, nílé olùkọ́ kan tí Étienne mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, omi ti fà. Ọ̀dọ́ méjì ṣe ọwọ́ wọn ní àga, wọ́n gbé Eugénie lórí pákó, wọ́n gbé e kalẹ̀ lódìkejì, wọ́n nu ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tó kí èèyàn bu omi mu. Étienne dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ì bá ṣe rí lọ́jọ́kọ́jọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn tí òun ń retí òkúta. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo ojú àwọn tó gbé e.

Savalou ti gbóná. Èèyàn kún ojú pópó, orin ń dún láti inú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, àwọn ọmọ ìlú tó ti Kútọnù dé ń ya fọ́tò ara wọn pẹ̀lú iṣu. Òórùn iṣu sísun gba gbogbo afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò Dàá Médard, ariwo náà dín. Ẹnu ọ̀nà ilé náà wà ní ṣíṣí sílẹ̀, àwọn obìnrin sì jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá láìwé gèlè. Étienne rí orí wọn, ó sì mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ìyá òun ni.

Xavier ló kọ́kọ́ rí wọn. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin dìde, àwọn kan sá wọlé, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Eugénie dúró lójú kan, ó na apá rẹ̀ síwájú kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án.

"Ẹran ara ni," ló wí. "Xavier, wá fọwọ́ kan Ìyá rẹ."

Xavier fọwọ́ kàn án. Ó di ọwọ́ náà mú, ó fi bo ojú ara rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Étienne ń ṣàlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ àga, ọ̀rọ̀ àṣà Bantè, ọ̀rọ̀ afárá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Xavier lè sọ̀rọ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìró dé lọ́sàn-án. Dàá fọwọ́ pa á láti etí dé etí, ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tí Eugénie fi òwú lẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Nírọ̀lẹ́ ó ní kí wọ́n mú òun lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn òkú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ilẹ̀, tó sin ìró náà, tó sì gbé iṣu Eugénie lé e lórí, tó pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé orúkọ ìyá wọn.

"Tirẹ̀ náà ńkọ́?" ni Eugénie béèrè. "Ṣé ó jẹ tirẹ̀?"

Xavier mi orí. "Kò jẹ ohunkóhun láti àná. Ó ní ta ló máa sọ fún òun pé ó dùn."

Wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. Dàá Médard jókòó sórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti gbẹ. Abọ́ iṣu funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, epo orí rẹ̀ ti dì.

"Dàá," ni Eugénie wí, ní èdè Màhì, bí ó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ láti kékeré. "Èmi ni. Mo ti dé."

Bàbá náà yí ojú rẹ̀ tó fọ́ síbi tí ohùn náà ti wá. Ojú rẹ̀ rọ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá.

"Eugénie. Mo ti ní o máa wá. Mo fún ọ ní tìẹ lánàá, ṣé ó kéré ni?"

"Mi ò kú, Dàá. Ọ̀nà ló bàjẹ́. Ọmọ yìí ló fi ìró mi ránṣẹ́, kò mọ̀."

"Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kì í tètè mọ̀," ni Dàá wí, pẹ̀lú sùúrù. "Ohun tí ìyá wa náà sọ nìyẹn nígbà tó kọ́kọ́ wá bá mi. Ó ní òun kò kú, pé ọjà ni òun lọ."

Eugénie kúnlẹ̀ lórí orúnkún búburú yẹn, ó na ọwọ́ sí i. Dàá gbọ́ bí ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ṣe dún, ó sì sún mọ́ ògiri kíá, ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà.

"Má fọwọ́ kàn mí, àbúrò mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Kò tíì yá mi."

Étienne dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dàá, èmi Étienne ni. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìyá wà láàyè, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, èmi ni mo ṣí àpótí."

"Étienne," ni bàbá wí, ó sì yí ojú sí i. "O ṣé tí o wá. O kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ. O tọ́jú rẹ̀ dáadáa, gbogbo wa la mọ̀."

Étienne ì bá fara da ohunkóhun ju ìyẹn lọ. Ó fi orí lélẹ̀ níbẹ̀, kò lè gbé e sókè. Xavier bẹ bàbá rẹ̀, àwọn àgbà ilé méjì wọlé wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ kan Eugénie, pé ara rẹ̀ gbóná. Dàá ń gbọ́ wọn, ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀fọ̀ ń dà láàmú. Bí wọ́n bá ti dákẹ́, á béèrè pé, "Ṣé ó ti lọ?"

Eugénie kò bá wọn bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ń wo abọ́ iṣu náà. Ó ń wo egungun èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti yọ lábẹ́ aṣọ. Nígbà tó yá, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó di ògiri mú, ó dìde, ó sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà kí ohùn rẹ̀ lè jìnnà díẹ̀.

"Dàá."

"Mò ń gbọ́, Eugénie."

"Tèmi kò kéré. Ó tó." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. "Ó dùn. Ẹ jẹun."

"Ó dùn?"

"Ó dùn, Dàá."

Ọwọ́ bàbá náà kúrò láyà rẹ̀. Ó wá abọ́ náà kiri títí ó fi kàn án, ó bù ú, ó fi sẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́. Eugénie dúró ní ẹnu ọ̀nà títí ó fi jẹ èyí tó lè jẹ.

"Bá mi kí ìyá wa," ni Dàá wí.

"Wọ́n á gbọ́," ni Eugénie dá a lóhùn. Ó sì jáde.

Nínú àgbàlá, wọ́n gbé iṣu tuntun fún un, gbígbóná, pẹ̀lú epo tuntun. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti gba tòun lánàá. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà, ó wò ó dáadáa, ó sì padà wá jókòó.

Étienne wá bá a nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. Kò mọ ohun tí à á sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ó sì sọ èyí tó mọ̀. "Ìyá, mo ti bá zémì méjì sọ̀rọ̀ fún òwúrọ̀ ọ̀la. Gafarou á máa retí wa lódìkejì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú la máa—"

Eugénie gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, kó dákẹ́. Ọwọ́ náà gbóná, kò sì le.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, má wá ọkọ̀ fún mi, Étienne," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń retí mi níbí mọ́."